Káfúrà Inú Àpótí Màámi

Aṣọ ọmọ ọwọ́ mẹ́rin, fìlà híhun kan.
Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n, tuntun, wọ́n ṣì ń rùn bí ìsọ̀ aláṣọ.
Lẹ́yìn mi, wọ́n sùn sínú àpótí páànù
lábẹ́ ibùsùn màámi, ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n,
àwọn àti káfúrà funfun róbótó,
kí kòkòrò má baà fẹnu kàn wọ́n.
Nígbà tí àbúrò mi Mopélọ́lá bí ọkùnrin,
màámi gbọn aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ.
Òórùn gba yàrá. Wọ́n ní òórùn ilé nìyẹn.

Oyèdòyìn ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́.
Ní ọjọ́ karùn-ún, ojú rẹ̀ ti pọ́n
bíi kajú oṣù kẹta.

Èmi ni mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni,
ọdún mẹ́rìnlá rèé, ní yàrá àyẹ̀wò lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí.
Ọwọ́ mi gbọ̀n.

Sẹ́ẹ̀lì pupa, bó bá ti kúrò nínú mùdùnmúdùn eegun,
kò tún dáná mọ́.
Oúnjẹ ọ̀nà tí wọ́n dì fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo
ni yóò jẹ fún ọgọ́fà ọjọ́.
Nínú ẹrù náà ni ẹ́ńsáìmù kan wà,
orúkọ rẹ̀ gùn ju ọ̀nà Ìlọrin lọ,
àwọn dókítà gé e sí Jí-Síìsì-Pí-Dì.
Okùn ìlẹ̀kẹ̀ ni: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,
tí wọ́n sín lọ́kọ̀ọ̀kan,
tó wá ká ara rẹ̀ bí òṣùká láìsí ọwọ́ tó ká a.
Méjì a fẹ̀gbẹ́ ti ara wọn. Ọ̀kan ò lè dá ṣe é.
Ihò kan wà níbẹ̀ tó mọ ṣúgà
bí bàtà ogbó ṣe mọ ẹsẹ̀.
Ṣúgà á wọlé, á gba háídírójìn kan lọ́wọ́ rẹ̀,
á nà án sí oníṣẹ́ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́;
ṣúgà á jáde, kò kú, ó kàn yàtọ̀,
òmíràn á wọlé.
Ohun tó gbà yẹn la fi ń lé ìdípẹtà,
nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jẹ páànù orí ilé wa
náà ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri,
irin sì wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Lára Oyèdòyìn, ìlẹ̀kẹ̀ méjì péré ló yàtọ̀.
Òṣùká náà ò dì. Ó ń tú kí ọjọ́ tó pé.
Káfúrà wá gba inú aṣọ wọ ara,
sẹ́ẹ̀lì ń bẹ́, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì.

A tẹ́ ọmọ sábẹ́ iná búlúù. A pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.
Màámi wà lórí bẹ́ǹṣì, fìlà híhun lọ́wọ́ wọn.
"Ṣé èmi ni mo ṣe é?"
Mo wo ilẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, wọ́n fún mi ní oògùn ibà kan,
ìtọ̀ mi dúdú bíi kóòkì fún ọjọ́ mẹ́ta.
Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni.
Nílé ìwé, mo fi ẹ̀jẹ̀ ara mi kọ́ àyẹ̀wò náà,
mo rí i kedere. Mo mọ̀ pé ọ̀nà ìyá ló ń gbà,
pé ó lè gba ara obìnrin kọjá láìkan ilẹ̀kùn
kó tó jókòó ti ọmọkùnrin.
Mo pa ìwé náà dé.
Mi ò sọ fún Mopélọ́lá.

Ọjọ́ kejìlélógún la tó sọ ọmọ lórúkọ.
Màámi sá aṣọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí okùn lẹ́bàá kànga,
oòrùn ọ̀sẹ̀ kan ò lé òórùn yẹn lọ.
Èmi ni mo fa àpótí jáde. Mo dà á délẹ̀.
Káfúrà tó kù nínú rẹ̀
kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan.